Ẹsẹ̀ Tó Ń Jó Lóru: Ìtàn Ìrora Iṣan láti Ososa dé Kúbà

 

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹsẹ̀ tó ń jó bí ẹni tó tẹ ẹyín iná, tó ń ta ṣín-ín-ṣín-ín bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, tí kò sì sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀ téèyàn lè fi han ẹnikẹ́ni. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bá a gbé. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Lọ́sàn-án ó máa ń fara mọ́ mi díẹ̀. Tó bá di aago kan òru, aṣọ ìbora lásán ò gbọdọ̀ kàn án. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ tó ń jó yìí kan náà ni kò mọ nǹkan mọ́. Mo lè fi tẹ òkúta kí n má mọ̀. Ẹsẹ̀ ti kú, ó sì tún ń ké.

Èdè wa gan-an ò ràn wá lọ́wọ́ níbi tó bá di ọ̀rọ̀ yìí. Iṣan là ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan là ń pe èyí tí àwọn tó ń gbé irin ń nà síta fún wa lórí Instagram. Iṣan náà là ń pe okùn ìmọ̀lára tí mò ń wí yìí. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ẹni tó ń ta àgbo pé iṣan ń dùn yín, ó lè fún yín ní oògùn ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó má sì purọ́.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń jó mi ló ní ohun tó sọ. Àǹtí mi àgbà ní mo ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan, kí n lọ béèrè. Ará àdúgbò mi kan ní làkúrègbé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́kùlẹ́jà tí ìyá mi ń bá rajà kó egbò fún mi pé kí n rẹ ẹ́ sínú ọtí. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n fi ata wẹẹrẹ pò mọ́ òrí, kí n máa fi pa á. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ ata yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.) Gbogbo wọn sì ń parí rẹ̀ síbì kan náà: ti ìbílẹ̀ ni kí n lò, torí àwọn baba wa ò mọ irú àrùn yìí, oúnjẹ òyìnbó ló kó o dé.

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi wọnú ìtàn. Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ososa, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìlú Hubert Ògúndé ni, baba eré orí ìtàgé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn dókítà iṣan kárí ayé, nǹkan mìíràn ni wọ́n fi mọ orúkọ Ososa: ẹsẹ̀ tó ń jó. Ní 1958, dókítà kan tó ń jẹ́ Money tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn àrùn iṣan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ ilé oúnjẹ òyìnbó kankan. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ní àwọn ọdún 1930, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ FitzGerald Moore ti kọ̀wé nípa àwọn èèyàn ní Nàìjíríà tí ojú wọn ń ṣú, tí ẹnu àti ahọ́n wọn sì ń bó. Ojú gbágùúdá ló fi ń wò ó.

Ẹni tó wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935. Dókítà iṣan àti ọpọlọ ni, ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn ńlá UCH. Ní 1968 ó gbé àyẹ̀wò tó ṣe lára aláìsàn 84 jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Brain. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó, ó ń ta wọ́n, lẹ́yìn náà ó ń kú. Tó bá pẹ́, wọ́n á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mu ẹmu. Ojú àwọn kan ń ṣú, etí àwọn kan ń di. Ẹni tí irú nǹkan yìí bá ṣe lè rìn dáadáa lọ́sàn-án, torí pé ojú ló ń bá a wo ibi tí ẹsẹ̀ wà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná ò sí, á ṣubú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Tí NEPA bá mú iná nígbà tí mo wà ní bálùwẹ̀, ògiri ni mo máa ń dì mú.

Kí ló fà á? Òṣúntókun béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Gbágùúdá láàárọ̀, gbágùúdá lọ́sàn-án, gbágùúdá lálẹ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran tí kò tó nǹkan. Nínú gbágùúdá tútù ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní linamarin. Tí wọ́n bá rin gbágùúdá, linamarin yìí á túká, sáyánáìdì á sì jáde lára rẹ̀, májèlé gidi. Ara wa lè ṣẹ́gun èyí tó bá kéré, ó máa ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tí à ń pè ní thiocyanate tí a óò sì tọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kí ara tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó nílò èròjà sulfur tó ń wá látinú ẹja, ẹyin, ẹran. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà púpọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja ti sá kúrò nínú rẹ̀ ni gbèsè náà máa ń wọ̀ lọ́rùn. Òṣúntókun wọn thiocyanate inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó pọ̀. Tí wọ́n bá gba wọn sí ilé ìwòsàn tí wọn ò jẹ gbágùúdá níbẹ̀, á wálẹ̀. Tí wọ́n bá padà sílé tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bà, á tún gòkè.

Ẹ má tíì da gàárì yín nù torí mi o. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Gbágùúdá gan-an kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e gba orí òkun kọjá sí Kóńgò ní nǹkan bí 1500 sí 1600. Àmọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò di oúnjẹ gbogbogbòò títí di ìgbà tí àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí padà láti Bràsíl, láàárín 1800 sí 1900. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà sí Èkó, Àgbádárìgì títí dé Ouidah, kì í ṣe orin àti ilé alátẹ̀gùn nìkan ni wọ́n kó bọ̀. Wọ́n kó ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń rin gbágùúdá, bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yan án. Ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ Bràsíl ni gbòǹgbò ìmọ̀ yẹn wà, àwọn tó ti ń jẹ gbágùúdá kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé iṣẹ́ gàárì jẹ́ iṣẹ́ oògùn. Àwọn ìyá tó ń di gbágùúdá rírin sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó sẹ́ ẹ kí wọ́n sì yan án, májèlé ni wọ́n ń lé jáde láìpè é ní májèlé. Omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ àpò yẹn ń kó díẹ̀ lọ. Kíkan ń tú díẹ̀. Iná ń lé ìyókù. Nígbà tí ìyà bá wà, tí owó bá há, tí ẹni tó ń ṣe é bá ń kánjú tà, ọjọ́ tí gbágùúdá ń lò lábẹ́ òkúta máa ń dín kù, ohun tó yẹ kó jáde sì máa ń ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ni ìwòsàn ìbílẹ̀ tó dájú fún ẹsẹ̀ jíjó, ẹ fi àpò gàárì abẹ́ òkúta hàn án.

Òṣúntókun ò dúró síbẹ̀, ibí ni mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó gbìyànjú láti wo wọ́n sàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní fítámì, abẹ́rẹ́ B12 irú èyí tí wọ́n ń pè ní hydroxocobalamin, àti riboflavin, wọ́n sì fi àwọn tí wọ́n fún wéra bó ṣe yẹ. Ní 1970 wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde: kò ṣe ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí. Wọ́n tún fi cystine kún un, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1974 náà ò dára ju tàkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé irú èsì báyìí jáde, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí. Òun kọ ọ́ síta pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó, mo ti rí fídíò mẹ́rìnlá lórí TikTok nípa ẹsẹ̀ jíjó, kò sí ọ̀kan tó sọ pé ohun tí òun ń tà kò ṣiṣẹ́ rí.

Iṣan tó bá ti bàjẹ́ pẹ́ kì í yára sàn. Òótọ́ tó korò ni.

Ọdún 1995 ni Òṣúntókun kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni dókítà Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ sí Ososa láti wò bóyá àrùn náà ti lọ. Èsì wọn jáde ní 2000. Kò lọ. Nǹkan bí 6% àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in, ó sì pọ̀ lára àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ, àwọn àgbàlagbà pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún lọ sí àdúgbò mìíràn tí sáyánáìdì gbágùúdá ti pọ̀ nínú ara àwọn èèyàn, àrùn náà ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Oluwole wá ń béèrè bóyá sáyánáìdì ni olórí ẹlẹ́bi lóòótọ́. Títí di òní, àríyànjiyàn ṣì wà. Èmi ò rò pé èyí ba iṣẹ́ Òṣúntókun jẹ́. Ó fi hàn pé gbágùúdá nìkan kọ́ lẹjọ́, ohun tó ṣaláìsí nínú àwo náà wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín kọjá òkun báyìí. Ní 1888, ní Jàmáíkà, dókítà ọba kan tó ń jẹ́ Henry Strachan kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó, ojú ń ṣú, etí ń di, ẹnu ń bó, ìrìn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ó ní ibà ló fà á. Ibà kọ́, àmọ́ àpèjúwe rẹ̀ péye débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà nínú ìwé ìṣègùn títí di òní. Ìyẹn fẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun kan náà tí Òṣúntókun rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà. Ibi tó dùn mọ́ mi ni pé láti Jàmáíkà, Èkó ni wọ́n gbé Strachan wá, ó sì di olórí àwọn dókítà ìjọba níbẹ̀. Láti Èkó sí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kò jìnnà.

Kúbà ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí Soviet Union túká ní 1991, ẹni tó ń bọ́ Kúbà kú nìyẹn. Epo ò wọlé mọ́, oúnjẹ dín kù, àwọn èèyàn ń fi kẹ̀kẹ́ rìn lọ síbi iṣẹ́ lórí ìyà. Ní òpin ọdún yẹn, ní Pinar del Río, ní ìwọ̀-oòrùn níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà, ojú àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí jó káàkiri erékùṣù náà. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1994, ó ti lé ní 50,000 èèyàn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pe Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ní èdè Lukumí, ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, ni mò ń sọ.

Àwọn olùwádìí láti Kúbà àti Amẹ́ríkà jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1995. Àwọn tó ń mu tábà, sìgá ńlá pàápàá, ni ojú wọn bàjẹ́ jù. Àwọn tó ń rí fítámì B àti èròjà methionine nínú oúnjẹ wọn ló yè jù. Nǹkan méjì kan wà nínú ìwádìí yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Ẹni tó bá ń sin adìẹ sẹ́yìnkùlé, ewu rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá ní ìbátan lókè òkun, ewu rẹ̀ kéré. Ẹyin àti owó tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti gba owó láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní London rí á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní 1993 ìjọba Kúbà pín fítámì fún gbogbo ará ìlú, ọmọdé àtàgbà, iye àwọn tó ń ṣàìsàn náà sì wálẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yin kan ti ń sọ nínú ọkàn yín pé: ó dáa, fítámì ni kí n lọ rà. Ẹ rọra. Ní 1983 àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àgbàlagbà 7 tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn mu fítámì B6 púpọ̀ púpọ̀ lójoojúmọ́, gíráàmù 2 sí 6. Ẹsẹ̀ wọn kú, ìrìn wọn bàjẹ́. Fítámì tó yẹ kó tọ́jú iṣan ló jẹ iṣan. Ohun kan náà ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo dá egbò lẹ́kùlẹ́jà yẹn padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe egbò ló bà mí lẹ́rù, ọtí tí wọ́n ní kí n rẹ ẹ́ sí ni. Ọtí lójoojúmọ́ ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, pẹ̀lú ṣúgà tàbí láìsí ṣúgà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu páráàgà ní gáréèjì láàárọ̀ torí ẹ̀yìn ríro, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ata wá ńkọ́? Ata náà gba orí òkun wá, láti Amẹ́ríkà, bíi ti gbágùúdá. Ohun tó ń ta nínú rẹ̀ ni capsaicin. Ní 1997, David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi capsaicin wá ilẹ̀kùn kan lára iṣan, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ooru gbígbóná. Ilẹ̀kùn kan náà ni ata ń kàn. Ìdí nìyẹn tí ata fi máa ń jó bí iná tí kò sì sí iná. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Tí capsaicin bá sì kan ilẹ̀kùn yẹn léraléra, iṣan á rẹ̀, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lórí ìyẹn ni wọ́n fi ṣe ìpara àti àlẹ̀mọ́ tí dókítà ń fún àwọn tí iṣan ń ta.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fi ata pò mọ́ òrí kò jìnnà sí ọ̀nà. Síbẹ̀ mi ò po ata nílé, ẹ̀yin náà ẹ má po ó. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan mọ́ ò ní sọ fún yín pé ata ti bó awọ. Ìpara tí wọ́n ti wọn ata inú rẹ̀ ni dókítà kọ fún mi, mo sì máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kan ojú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sun oorun wákàtí márùn-ún láìjí, ó ti tó ọdún kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Mò ń lo oògùn ṣúgà mi, mò ń lo òògùn alẹ́ tó ń mú iṣan dákẹ́, mo sì ń fi díńgí kékeré wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi kí n tó sùn, bóyá mo ti tẹ nǹkan tí mi ò mọ̀. Àǹtí mi gbọ́ èyí, ó ní òun ṣáà ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n wò ó bóyá mo tẹ nǹkan.

Ẹnìkan béèrè lórí WhatsApp wa bóyá mo ṣì ń jẹ ẹ̀bà. Mò ń jẹ ẹ́, ìwọ̀n ọwọ́ kan, nítorí ṣúgà, pẹ̀lú ẹja tó pọ̀ ju ẹ̀bà lọ. Gàárì Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ni mò ń rà, mo sì máa ń bi ìyá tó ń tà á pé ọjọ́ mélòó ló lò lábẹ́ òkúta. Ó ti mọ̀ mí báyìí. Ó máa ń dáhùn kí n tó béèrè.